Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé: Èyí Tí À Ń Gbìn Lọ́dọọdún àti Èyí Tó Ń Dúró Pẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé, ní Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn. Ìyálọ́jà ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

    

Ẹ ó rántí pé nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé kí olúkúlùkù wa gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ariwo sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni ariwo náà ti wá. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ lé wa kúrò lọ́jà ni? Bí oníṣu bá gbin ẹ̀fọ́, tí aláṣọ gbin ẹ̀fọ́, tí ẹlẹ́ja náà gbin ẹ̀fọ́, ta ló máa ra tiwa?" Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìyálọ́jà ní kí n lọ wádìí rẹ̀ dáadáa, kí n wá jábọ̀. Ìdí tí mo fi dìde nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ lóhùn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù. N kò ní purọ́ fún yín. Lásìkò òjò, bí gbogbo ilé bá ní gbúre àti tẹ̀tẹ̀, owó yín á dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ẹ mọ̀ pé lásìkò òjò yẹn, ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ lọ́jà débi pé ẹ máa ń da èyí tó rọ nù lálẹ́. Èrè wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń le ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn tó ní ilẹ̀ àbàtà létí odò àti àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi nìkan ló ń rí ẹ̀fọ́ kó wá. Apẹ̀rẹ̀ á wọ́n. Ẹ̀yin náà ò ní lè ra púpọ̀, oníbàárà ò sì ní lè ra púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù láti oko wá ti gun orí apẹ̀rẹ̀ náà, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbin ẹ̀fọ́ sílé. Ẹni tó ń ta ewé lè ta igi rẹ̀, ó lè ta èso rẹ̀ tí èèyàn á fi gbìn, ó lè ta èyí tó ti hù nínú ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló máa lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó mọ̀? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò ka ìwé ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí ni pé ẹ̀fọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èèyàn á gbìn ín, á jẹ ẹ́, yóò so èso, yóò kú. Ọdún tó ń bọ̀, àfi kí a tún un gbìn. Irú rẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ, ilá. Èkejì, bí ó bá ti mú ilẹ̀, ó di tilé. À ń gé e, ó ń rú. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni ewúro, ẹfinrin, wòròwó, amúnútutù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá sọ pé òun fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ nìkan ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Á gbìn ín nígbà òjò tí tẹ̀tẹ̀ pọ̀ lọ́jà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé kò ní ní nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé ó yí i po?

Àwọn ìyá wa mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ará Ìbàdàn kì í ní ilé kó má ní oko. Oko etílé wà, oko ẹgàn wà, àkìtàn ẹ̀yìn ilé náà sì jẹ́ oko fúnra rẹ̀. Ní Bẹẹrẹ, ní Mápó, ní Ọjà'ba, kí páànù tó kọ lu páànù báyìí, orí àkìtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Àwọn tó dàgbà nínú wa á sì rántí ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ti Ọbásanjọ́ gbé ètò OFN dé, pé kí gbogbo èèyàn dáko, kí a bọ́ ara wa. Rédíò ò sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n gbin àgbàdo síwájú ọ́fíìsì, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Àgbàdo ò pé oṣù mẹ́rin, wọ́n ká a tán, ilẹ̀ padà di igbó. Ewúro tí àwọn ìyá mìíràn fi gún ilẹ̀ lásìkò yẹn, òun ló kù tí à ń já títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa lọ sílé ọkọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúro nígbà náà. A kì í fi èso gbin ewúro, kò yá. Igi rẹ̀ là ń gé. Ẹ gé èyí tó ti gbó díẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀mùnú, kí ó gùn tó apá láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní gígé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tó jẹ́ ìdí àti ibi tó jẹ́ orí. Mo ti rí ẹni tó fi orí igi gún ilẹ̀, tó wá ń sọ pé ọwọ́ òun kò tutù. Ẹ tẹ ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀, kí ó dà gẹ́rẹ́ díẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí àárín ọ̀kan sí èkejì. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ni ó dára jù. Nígbà tí ó bá ti ga tó àyà, ẹ gé e sí orúnkún. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ má bẹ̀rù. Ibi tí ẹ gé yẹn ló máa pẹ̀ka, ẹ̀ka mẹ́rin á jáde níbi tí ọ̀kan wà. Bí ó bá ń yọ òdòdó, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, torí pé bó bá ti ń tọ́jú òdòdó, ewé á kéré. Tí ẹ bá ń ṣe báyìí, ẹ ó máa já ewúro ní oṣù kejì tí ilẹ̀ gbẹ kanrin.

Bí ó bá sì pọ̀ jù, ẹ sá a lábẹ́ ìbòòji. Kì í ṣe nínú oòrùn o, oòrùn á gba àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ewúro gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà. Ẹnì kan ló ń sá a tó ń kó o ránṣẹ́ sí wọn. Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa?

Ẹfinrin kò ní wàhálà. Bí ẹ bá gbin ìdí kan, èso rẹ̀ á dà sílẹ̀, mẹ́wàá á hù. Ẹ kàn máa gé e kí ó má di igi.

Wòròwó ni mo fẹ́ràn jù, mo sì ń bínú pé a ti ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó ń fà ni, abẹ́ kòkó ló ti ń hù lóko. Èyí túmọ̀ sí pé ó fẹ́ràn ìbòòji. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oòrùn kì í dé ẹ̀yìnkùlé yín nítorí ilé alájà tí aládùúgbò yín kọ́, ẹ̀fọ́ yín nìyí. Ẹ gé okùn rẹ̀ tó gùn tó ìká ọwọ́ méjì tí a so pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ilẹ̀ tó tutù, ẹ jẹ́ kí ó gun ọgbà. Gbúre náà fara da ìbòòji. Amúnútutù, yálà olómi ewé tàbí elépo pupa, òun náà ń fà, ó ń fẹ́ omi, ó sì ń fẹ́ igi tó máa gùn. Igi rẹ̀ ń hù, èso rẹ̀ dúdú náà ń hù. Bí ẹ bá ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, kò ní kú.

Ẹ̀fọ́ kan wà tí à ń pè ní Ìyànà Ìpájà. Ewé rẹ̀ dà bí ewé ìbẹ́pẹ. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Mẹ́síkò ló ti wá, àwọn ẹ̀yà Maya tó wà níbẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹ fi igi rẹ̀ gún ilẹ̀ lásán, ó ti hù nìyẹn. Kòkòrò kì í sábà jẹ ẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ ewé mu bí àgbo: ewé yìí ní májèlé nínú ní tútù, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ mu, ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ bọ̀ ọ́ lórí iná kí ó hó dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ìkòkò wà ní ṣíṣí, kí ẹ tó fi se ọbẹ̀.

Ó yá, àwọn tó jẹ́ ti ọdọọdún. Ewédú ni màá bẹ̀rẹ̀ sí, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń ráhùn lé lórí. Ẹ ní, "Mo gbìn ín, kò hù." Kì í ṣe aráyé ló ṣe é. Èso ewédú ní èèpo líle tí omi kò lè wọ̀. Ẹ kó èso náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ so ó. Ẹ gbé omi kaná títí yóò fi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú omi gbígbóná yẹn, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti se é nìyẹn. Ẹ rì í bọ omi tútù, ẹ tẹ́ ẹ síbi ìbòòji kí ara rẹ̀ gbẹ, ẹ lọ gbìn ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó rí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ó tó gé. Ẹ má ṣe fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bí ti àwọn olóko tó ń kó o wá ọjà. Ẹ gé e, kí ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lórí ilẹ̀, á tún rú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Oríṣiríṣi ewédú ló wà, ẹ mọ oníyaya, ẹ mọ amúgbàdù. Èyí tí ẹnu ilé yín bá fẹ́ ni kí ẹ gbìn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ewédú tó máa ya yín lẹ́nu. Àpò tí wọ́n fi ń di kòkó, èyí tó le, tó ní àwọ̀ iyanrìn, inú èèpo igi ewédú ni òwú rẹ̀ ti ń wá. Ní Bangladesh àti Íńdíà, nítorí òwú yẹn ni wọ́n ṣe ń gbin púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀ bí tiwa. Ẹ ò rí i pé ewédú tí ẹ̀yin ń nà ní mọ́lọ́mọ́lọ́ yìí kì í ṣe ọmọ kékeré.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, òun ló sì yára jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti délé. Èso rẹ̀ kéré bí iyẹ̀ ata lílọ̀, bí ẹ bá fọ́n ọn lásán á ṣù jọ síbì kan. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, ẹ wá fọ́n ọn. Ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ kàn fi ewé ọ̀pẹ gbá orí ilẹ̀ náà ni. Ẹ má ṣe gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbin díẹ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ẹ tún gbin díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní rí ọ̀sẹ̀ tí kò ní sí.

Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, àwọn ọkọ wa ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ ju tẹ̀tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ká orí rẹ̀, ó ń fún yín fún oṣù mélòó kan. Wàhálà rẹ̀ ni àrùn inú ilẹ̀. Bí ẹ bá fà á tu tí ẹ rí kókó wúruwùru lára gbòǹgbò rẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí ló wà níbẹ̀. Ẹ hú gbòǹgbò yẹn tán, ẹ sun ún, ẹ má sì gbin ṣọkọ, ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, torí pé gbogbo wọn ni kòkòrò náà ń jẹ.

Ilá kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ rẹ èso rẹ̀ sómi mọ́jú, ẹ gbin méjì sí ojú ihò, bí ó bá ti yọ kí ẹ ká a ní ọjọ́ méjì-méjì, torí pé bí ẹ bá jẹ́ kí ó kó, igi náà á dúró so. Ùgwù, ẹ ra odindi èso rẹ̀, ẹ pa á nílé, ẹ gbin kóró rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti sá gbẹ kò lè hù mọ́, ó ti kú. Àwọn mìíràn ń tà á fún èèyàn bẹ́ẹ̀, kò dáa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá kù, òun ló le jù ní Òkè Bọ́lá yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá. Àwọn mìíràn jẹ́ ayálégbé, àwọn mìíràn wà nílé mọ̀lẹ́bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn olùkọ́ ọ̀gbìn kì í sọ. Nínú àṣà wa, ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀fọ́ ọdọọdún. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin igi tó máa dúró, ìjà dé, torí pé ẹni tó gbin kòkó tàbí obì, ó dà bíi pé ó ní ilẹ̀ ló ń sọ. Pèrègún ni a fi ń mọ ààlà ilẹ̀, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìyàwó tó bá lọ fi ewúro mẹ́wàá gún ìlà tààrà nínú àgbàlá mọ̀lẹ́bí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó lè ní ẹ̀fọ́ lòun ń gbìn, àwọn àbúrò ọkọ á ní ilẹ̀ ló ń pín. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún baálé. Ẹ sọ fún láńlọ́ọ̀dù. Ẹ fún wọn nínú ewé náà nígbà tí ó bá dàgbà, ẹnu wọn á pa mọ́.

Bí wọn kò bá gbà, ẹ lo àpò. Àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́, abọ́ tó ti jò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi má dúró, bí omi bá dúró gbòǹgbò á rà. Ìdá méjì ilẹ̀ dúdú, ìdá kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà. Mo ní tó ti jẹrà o. Ìgbẹ́ adìẹ tútù gbóná, ó máa jó ẹ̀fọ́ gbẹ. Ẹ kó o jọ, ẹ bu omi sí i, ẹ bò ó, kí ó fi oṣù kan àbọ̀ sí méjì jókòó títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pòròpórò àgbàdo tí à ń dà sí gọ́tà ní ọjà wa lójoojúmọ́, ajílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Eérú igi dára, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Eérú ibi tí wọ́n ti sun ọ̀rá àti ike kò dára rárá. Nínú àpò, ewúro kan ń gbé, ẹfinrin ń gbé, tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ń gbé dáadáa. Bí ẹ bá kó lọ, ẹ gbé àpò yín lọ́wọ́. Ta ló máa bá yín jà?

Ibi tí ẹ ti ń bu ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má bu ilẹ̀ ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da epo dúdú nù, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò. Òjé tó wà nínú bátìrì máa ń wọ ilẹ̀, kì í jáde, ewé á fà á, eruku rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ewé, ọmọdé ló sì máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, ó ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ojú kì í rí i, kò lóòórùn, sísè kì í pa á. Ẹ tún má fi omi gọ́tà bomi rin ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé omi wọ́n lẹ́ẹ̀rùn. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, tí ẹ fi ṣan ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan títí di ìrọ̀lẹ́. Omi gọ́tà, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò ńkọ́? Bí ẹ bá rí ihò lára ewé, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò láàárọ̀, ẹ ó rí kòkòrò náà, ẹ fọwọ́ mú un. Bí ó bá pọ̀, ẹ já ewé dóńgóyárò, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fi ọwọ̀ wọ́n ọn sí i nírọ̀lẹ́. Ẹ má fi ọ̀tapíápíá sí ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọlọ́run. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn náà lọ́jà, nítorí àwọn tó ń gbé e mu àti àwọn tó ń fi í sí oúnjẹ. Òun kan náà ni àwọn kan ń fi sí ẹ̀wà. Ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ ká lọ́la, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi í sí i lónìí, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi í sí i rárá. Ewúrẹ́ lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ewúrẹ́ kò ka ìwé ìpàdé, ẹ dá ọgbà sí i ni.

Ẹ̀yin tí dókítà ti bá sọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín, ẹ bi í kí ẹ tó máa jẹ gbúre àti amúnútutù lójoojúmọ́, torí ó ní ohun kan nínú tí kì í bá kíndìnrín tó ti ní òkúta mu. Àwọn yòókù, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi rẹ̀ nù.

Ibi tí a ti máa rí èso gbìn: ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní NIHORT, Ìdí-Ìṣin ní Jẹ́ríkò ló wà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ kan tàbí méjì ni. Àwọn ló gbé ilá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NHAe 47-4, bíi nọ́ńbà mọ́tò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, wọn ò sì ń lé ìyá ọlọ́jà. Ìgbìmọ̀ wa gbà pé kí èèyàn mẹ́ta lọ síbẹ̀, ẹlẹ́fọ̀ọ́ méjì àti emi, kí a mú èso tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú wá. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni yóò máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyálọ́jà ṣe parí ìjà náà, wọ́n sì ti gbà.

Igi ewúro àti okùn wòròwó wà lẹ́yìn ibùsọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó mú àpò dání lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó dé ṣáájú aago mẹ́wàá, torí pé bí oòrùn bá ti pa okùn wòròwó, kò ní gbà mọ́. Ìdí mẹ́ta-mẹ́ta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni kan má gba ti ọmọ rẹ̀ àti ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ pọ̀, bí a ti ṣe nígbà tí a pín ìrẹsì.